Gbádérọ̀ Dọ̀bálẹ̀, Ẹsẹ̀ Kọ̀

Gbogbo àdúgbò Challenge n'Ìbàdàn ló mọ Gbádérọ̀ tó ń tún fíríìjì ṣe. Bí o bá gbé fíríìjì fún un, á ti tún un ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àmọ́ o ò ní rí i gbà títí di ìrọ̀lẹ́, torí pé á ṣílẹ̀kùn rẹ̀, á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú rẹ̀ bí ẹja tútù. Àwọn oníbàárà rò pé àyẹ̀wò ló ń ṣe.

Àìsàn ló fà á. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ojú rẹ̀ òsì ṣàdédé ṣú, ó tún là padà. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Dókítà kan ní Jẹ́ríkò ló wá sọ orúkọ rẹ̀: multiple sclerosis. Orúkọ yẹn gùn débi pé kí èèyàn tó pè é tán, mọ́tò á ti kúrò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dùgbẹ̀.

"Àwọn sójà inú ara rẹ tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló ń jẹ rọ́bà ara iṣan ìmọ̀lára rẹ," ni dókítà wí. "Wáyà tí rọ́bà rẹ̀ ti bó, báwo ni iná rẹ̀ á ṣe rí?"

"Á máa ṣe ségesège, sà."

"Òun náà nìyẹn. Kì í ràn. Kò tíì ní ìwòsàn, àmọ́ oògùn wà tó ń tì í sẹ́yìn. Ó lè lọ, kó tún padà dé. Sá fún ooru."

Kó sá fún ooru, ní Ìbàdàn, níbi tí adìyẹ ti ń yé ẹyin sísè lóṣù Máàṣì.

Bí oòrùn bá ti mú, Gbádérọ̀ á máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Àdúgbò sì ti dájọ́: ọtí ni. Ìròyìn náà rìn dé Bódìjà, ó kan Alàgbà Ayẹni ìjọ Aládùúrà, ẹni tí Gbádérọ̀ fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, Ọmọ́bọ́láńlé. Alàgbà yìí kórìíra ọtí débi pé kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi sípíríìtì nu apá òun kó tó gún òun lábẹ́rẹ́.

"Mú un wá," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Èmi fúnra mi ni màá gbóòórùn ẹnu ẹ̀. Bó bá rùn pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn."

Ọmọ́bọ́láńlé mọ̀ nípa àìsàn náà. "Bó o bá ti wọlé ni kó o sọ fún wọn," ló kìlọ̀ fún Gbádérọ̀. "Má dọ̀bálẹ̀ o. Ooru ti pọ̀ jù."

"Kí n má dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kà mí nínú ìròyìn ni?"

Ọ̀sán gangan ló dé ilé Alàgbà. Wọ́n ti mú iná lọ. Ó rí Alàgbà lórí àga, ó nà gbalaja.

"Dìde, ọmọ mi."

Ó pàṣẹ fún ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ò dá a lóhùn.

"Mo ní o dìde."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣì wà níbí ná, sà."

Omi lé ròrò sójú Alàgbà, ó rò pé ọ̀wọ̀ ni. Àwọn ọmọ ìwòyí kì í ṣe ju kí wọ́n tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì tó jábọ́. "Wọ́n ń parọ́ mọ́ ọ pé ò ń mutí." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. "Mo ti fún ọ lọ́mọ mi. Ó tó, dìde."

Gbádérọ̀ ìbá dákẹ́. Ó rò ó wò níbi tó dojú bolẹ̀ sí. "Bàbá, ẹ má bínú. Kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan. Ẹsẹ̀ mi ni ò gbọ́ràn." Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ṣàlàyé wáyà, rọ́bà àti ooru.

Alàgbà wo ẹsẹ̀ náà. "Kò ṣeé wò sàn?"

"Kò tíì ṣeé wò, sà. Oògùn ni mo ń lò."

"Ọmọ́bọ́láńlé mọ̀?"

"Ó mọ̀, sà."

"O ò bá sì ti dákẹ́, kó o gba ìyàwó lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mú ọwọ́ wá." Alàgbà fà á. Gbádérọ̀ ò mira. Ẹ̀yìn Alàgbà ló dún kà, ni bàbá náà bá na gbọọrọ síwájú rẹ̀, orí ko orí.

Bí Ọmọ́bọ́láńlé ṣe gbé omi tútù wọlé bá wọn nìyẹn. "Dádì, ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ta?"

"Da omi yẹn sí i lẹ́sẹ̀ ná," ni Alàgbà wí látinú kápẹ́ẹ̀tì. "Àna mi ni mò ń kí."