Àpótí Tí Kì Í Ráhùn

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè ní Dáadáa-ni. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Onírin, ẹni tó ń gé páànù tó sì ń jó o pọ̀ di àpótí, ló fún un ní orúkọ àlàjẹ́ náà, nítorí bí o bá bi í pé iṣẹ́ ńkọ́, dáadáa ni. Oorun ńkọ́, dáadáa ni. Òjò tó jò wọ yàrá rẹ̀ lánàá ńkọ́, dáadáa ni. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé, ó padà wá. Wọ́n ní, "Ara ńkọ́?" Ó fi àpò rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga, ó jókòó. Ó ní, "Dáadáa ni." Onírin gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wù ú kó gba orúkọ yẹn padà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọkùnrin náà lára, a kì í sì í bọ́ orúkọ bí ẹni bọ́ fìlà. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wà nínú yàrá iṣẹ́ náà: ọ̀gá obìnrin tó ni ín, Onírin, àti òun. Àpótí kékeré tó ń ṣọ́ fíríìjì ni wọ́n ń ṣe, fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ sí. Abẹ́rẹ́ yẹn kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ yìnyín. Àárín dígírì méjì sí mẹ́jọ ló ti ń simi. Bí ó bá ti yẹ̀ kúrò níbẹ̀, àpótí gbọ́dọ̀ figbe ta. Onírin ló ń ṣe ara àpótí. Dáadáa-ni ló ń fi ọpọlọ sí i.

Ọpọlọ ọ̀hún, kọ̀ǹpútà kékeré kan, kò ju àtàǹpàkò méjì lọ. Kò lágbára láti to iṣẹ́ ara rẹ̀ pọ̀, kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lórí tábìlì ló ń bá a tò ó. Ẹ fi wé aránṣọ tó ń rán aṣọ fún ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀: bí ó bá fi ìwọ̀n ara tirẹ̀ gé e, ọmọ á rì sínú aṣọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ látorí òfo. Àwọn kan ti ṣe apá kan sílẹ̀, wọ́n dì í, wọ́n ń pè é ní láíbìrì. Ọ̀kan mọ bí a ṣe ń ka aago, òmíràn mọ bí a ṣe ń bá tẹmọ́mítà sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ lò ó á dárúkọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà á lọ wá a. Bí kò bá rí i, á dúró, á ní òun kò rí i, kò sì ní gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó dúró. Láíbìrì tẹmọ́mítà ni kò rí. Dáadáa-ni rí ọ̀kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn nínú kọ̀ǹpútà ńlá, ó nà án sí i, kọ̀ǹpútà ní ti ara òun nìyí, kò lè bá ti kékeré mu. Ó lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó mú ìwé ìpilẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é wá, láti tún un tò fún ti kékeré. Ìyẹn náà ní òun kò lè dá dúró, kí wọ́n bá òun pe ẹnì kejì òun. Wọ́n pe ẹnì kejì, ẹnì kejì ní ẹ̀kẹta dà? Bí ẹni tó lọ yá abẹ́rẹ́, tí alábẹ́rẹ́ ní kó lọ mú òwú wá, tí olówùú ní kó lọ mú àlùmọ́gàjí wá. Nígbà tí aago méjì ọ̀sán lù, orúkọ mẹ́rin ló wà nínú ìwé rẹ̀, ó ti fa ìlà sórí mẹ́ta. Kò rí ẹ̀kẹrin.

Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tí àpótí àkọ́kọ́ máa lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́."

"O kú iṣẹ́, àbúrò."

"Ṣé ẹ rántí ohun tí òní jẹ́?"

"Mo rántí." Ọjọ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó ni, ó pé ọdún mọ́kàndínlógún.

"Báwo ni ẹ ṣe wà?"

"Dáadáa ni."

"Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà ti dà pọ̀ mọ́ra lójú rẹ̀. Ó wá ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Ó ṣe láíbìrì òfìfo. Ó kọ orúkọ ẹ̀kẹrin yẹn sí i lórí, kò fi nǹkan kan sí i nínú, ó kàn kọ́ ọ pé ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, kó dáhùn pé márùn-ún. Ó ní kí iṣẹ́ ṣáà kọjá lónìí, bó bá dọ̀la òun á wá ti gidi. Kọ̀ǹpútà gbé e mì, kò jiyàn. Àpótí tàn: márùn-ún. Ó kó àpò rẹ̀, ó relé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá ló kọ́kọ́ dé. Ó rí àpótí tó ń tàn lórí tábìlì. Oòrùn ojú fèrèsé ń pa tábìlì yẹn, ọ̀gá kò sì bi ara rẹ̀ pé báwo ni ibẹ̀ ṣe tutù tó dígírì márùn-ún. Ó gbé e sínú ọkọ̀, ó gbé e lọ. Tábìlì òfìfo ni Dáadáa-ni bá.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ọ̀gá wí nígbà tó padà. Ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń fún un lọ́wọ̀. "Wọ́n ti gbé e sínú fíríìjì. Márùn-ún géérégé. Ṣé kò sí ohun tó kù?"

Ọ̀rọ̀ wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti mọ ọ̀nà kan ṣoṣo, ọ̀nà yẹn náà ló máa ń gbà. Ó ní, "Dáadáa ni."

Kò gbádùn oúnjẹ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ń wí fún ara rẹ̀ pé fíríìjì yẹn lágbára, pé tó bá di ọjọ́ Ajé òun á dọ́gbọ́n lọ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ọjọ́ Ajé pé. Kó tó dìde, nọ́ọ̀sì ti pè.

"Ẹ̀gbọ́n, àpótí yín yìí mà ní sùúrù o. Iná lọ láàárọ̀ àná, kò tíì dé di báyìí. Bátìrì ni àpótí ń lò, ó ṣì dúró sórí márùn-ún, kò ráhùn rárá."

"Ṣé ẹ ti fún ọmọ kankan lábẹ́rẹ́?"

"Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ìyá ti tó ogójì nílẹ̀."

Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọmọ á gba abẹ́rẹ́ tó ti bàjẹ́, ìyá á gbé e lọ sílé pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Ó dìde dúró.

"Má bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni àpótí yẹn ń pa. Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ẹ tún un wí."

Ó tún un wí, ó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, látorí ẹ̀kẹrin tí kò rí dé orí márùn-ún. Nígbà tó tán, nọ́ọ̀sì ní, "Tẹmọ́mítà onígíláàsì tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú fíríìjì. Láti ìgbà tí tiyín ti dé ni mi ò ti wò ó mọ́. Ẹ dúró." Ó gbọ́ ìró bàtà, ó gbọ́ ẹkún ọmọ, ó gbọ́ ilẹ̀kùn.

"Mẹ́rìnlá," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ọkùnrin náà ti ń wá bàtà rẹ̀.

"Ṣé inú ń bí ọ?"

"Inú ń bí mi gidi gan-an. Ẹ jẹ́ kí n tú àwọn ìyá yìí ká ná."

Ọkùnrin náà lọ bá ọ̀gá kí ìròyìn tó ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Bàbá, mo bi yín lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ẹ bi mí."

"Kí lẹ fi dá mi lóhùn?"

Kò lè pè é. Onírin ló bá a pè é láti ìdí iṣẹ́ tirẹ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀: "Dáadáa ni. Èmi náà ni mo sì ń fi pè é kiri."

"Ẹ lọ gbé e wá," ni ọ̀gá wí. "Ẹ̀yin fúnra yín. Kò tún ní jáde níbí láìjẹ́ pé mo fi ojú ara mi rí i kí iye ojú rẹ̀ yí. Ọ̀rọ̀ tiyín, a óò sọ ọ́ tí èyí bá parí."

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, àwọn ìyá ń pọn ọmọ wọn, wọ́n ń kùn. Nọ́ọ̀sì ń kó gbogbo abẹ́rẹ́ inú fíríìjì sínú báàgì ìdalẹ̀nù. Kò kí i. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó di ẹnu báàgì mú fún un títí ó fi kó o tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló tó wọnú ọpọlọ kékeré náà fúnra rẹ̀ lọ wò, ibi tí kò ronú kàn láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀kẹrin wà níbẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn tó ṣe ọpọlọ náà ti fi sí i nínú láti ilé iṣẹ́ wọn. Ó ti wá a ká inú ilé ẹ̀rọ ńlá, ó ti wá a ká orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò bi ẹni tó ni ín léèrè. Ó ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹrù kékeré yẹn sí ojú kan nínú kọ̀ǹpútà ńlá, ó pàṣẹ fún un pé ibẹ̀ nìkan ni kó ti máa wá nǹkan, kó má yà sínú ilé ara rẹ̀ mọ́. Ó pa láíbìrì òfìfo rẹ́. Ó tún iṣẹ́ tò. Kọ̀ǹpútà kò dúró.

Àpótí tàn: mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Bẹ́ẹ̀ ni yàrá yìí ṣe gbóná tó lóòótọ́," ni Onírin wí, ó ń fi etí aṣọ nu òógùn. Ó fi ọwọ́ bo tẹmọ́mítà rẹ̀, ó di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọ̀gá tì í bọ inú ife yìnyín, ó ń wò ó bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mẹ́wàá, méje, mẹ́rin, títí ó fi kọjá méjì tí àpótí sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ da ife nù. Ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ tètè dé lọ́la." Wọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ kejì lórí rẹ̀ mọ́.

Àpótí padà sí ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ tuntun sì dé ní Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí nọ́ọ̀sì fi pè, igbe àpótí ń ta lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ nǹkan yín. Mo kàn ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì kí n ka iye ni o."

"Mélòó ló wí?"

"Mẹ́sàn-án."

"Pa ilẹ̀kùn dé."

Wọ́n jọ dúró. Igbe náà gé.

"Aláròyé ni wọ́n gbé fún mi báyìí," ni nọ́ọ̀sì wí, ẹ̀rín díẹ̀ sì ti wọ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Báwo ni ẹ ṣe wà?"

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá," ni ó wí. "Mi ò lè mú un kúrò. Mi ò sì lè máa wò ó. Àga pálọ̀ ni mò ń sùn lé."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà yẹn."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Kí ẹ má fọwọ́ kàn án kí n tó dé."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Onírin, tó ti ń fi àkísà nu páànù kan ṣoṣo láti ìgbà tí fóònù ti dún bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, dìde, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. Kò mọ ohun tí ì bá pè é mọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "ǹjẹ́ o ti jẹun?"

"Rárá," ni ọkùnrin náà wí. "N kò tíì jẹun láti àná."