Àyè Màmá Sójà Nínú Fọ́tò

Bí àwọn ọ̀gá ológun bá fẹ́ ya fọ́tò ọdọọdún, iwájú gan-an ni wọ́n máa ń fi Màmá Sójà sí, nítorí òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Àga nínú ìgbìmọ̀ tó ń pàṣẹ ló ń fẹ́ ní tirẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì ti ṣèlérí láti gbẹnu sọ fún un. Ọ̀rẹ́ yìí ni Màmá Sójà gbé pọ̀n jáde nínú ẹrẹ̀ nígbà tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ ogun.

Lọ́jọ́ fọ́tò, wọ́n pe àwọn tó wọ ìgbìmọ̀. Kò gbọ́ orúkọ tirẹ̀. Ọ̀gá pátápátá rẹ́rìn-ín sí i.

"Ọ̀rẹ́ yín ti ṣàlàyé fún wa. Ẹ kú oríire ọmọ-ọmọ! Ẹ lọ sinmi, kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀."

"Ọmọ-ọmọ wo, sà? Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí kò tíì gbéyàwó."

Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ń nu bọ́tìnnì tó ti ń dán tẹ́lẹ̀. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

"Màmá Sójà, bọ́ síwájú jàre," ni ọ̀rẹ́ náà wí. "Ìwọ ni ẹwà fọ́tò wa."

"Ẹwà kì í jókòó nínú ìgbìmọ̀, àbí?"

Ó rìn lọ sẹ́yìn, ó dúró lẹ́yìn ọ̀gágun tó ga jù lọ. Ayàwòrán ké sí i pé òun kò rí i mọ́.

"Àwọn náà ò rí mi," ló dá a lóhùn. "Máa yà á lọ."