Hóró Mẹ́fà Nínú Ihò Kan

Kí ọmọ ilé wa tó lè wẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ìyá wa á ti kọ́ ọ ní òǹkà dé ẹ̀ta. Àlọ́ ló fi ń kọ́ wa. Àgbẹ̀ kan gbin hóró àgbàdo kan, àparò hú u jẹ. Ó gbin méjì, àparò mú ọ̀kan, ọ̀kẹ́rẹ́ mú èkejì. Ìgbà tó gbin mẹ́ta ni òun náà tó rí ọ̀kan jẹ. Bí ọmọ bá ti lè tọ̀ wá dé oko wa lọ́nà Ẹ̀rúwà, a ó gbé igbá irúgbìn fún un, á máa jù ú sínú ihò, á máa kọrin:

Ọ̀kan ti àparò,
Èkejì ti ọ̀kẹ́rẹ́,
Ẹ̀kẹta tiwa.

Èmi ni mo ba orin náà jẹ́. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Àbúrò mi obìnrin kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta àbọ̀ lọ. Èmi ń fi ọkọ́ gbẹ́ ihò, òun ń ju irúgbìn sí i. Ọkọ̀ sinimá ìjọba ń bọ̀ ní Igbó-Ọrà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá wa sì ti ní ìgbà tí irúgbìn inú igbá bá tán la tó lè lọ sílé. Igbá sì kún dẹ́nu. Mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, mo ní àwọn àlejò mìíràn ti dé sínú àlọ́: ẹ̀kẹta ti ọ̀yà, ẹ̀kẹrin ti ọ̀bọ, ẹ̀karùn-ún ti eku, ẹ̀kẹfà tiwa. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kọ ọ́ tó fi mọ̀ ọ́n. Ó ń kọrin, ó ń rẹ́rìn-ín, igbá ń fúyẹ́. Mo wo sinimá náà dé òpin.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àgbàdo hù pìtìmù bíi koríko. Bàbá wa dúró lé e lórí.

"Ta ló ju irúgbìn síbí?"

"Òun ni," mo fèsì. Òótọ́ ni, irọ́ sì ni. Ọmọ náà la ẹnu láti kọ orin rẹ̀ fún bàbá, mo yára fà á lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.

Bàbá kò nà án. Ìyá wa ló yíjú sí: "Pẹ̀lú gbogbo àlọ́ tí ò ń pa fún eléyìí, orí rẹ̀ ò gba ẹ̀ta." Ìyá wa tẹ orí ba.

Èmi ni wọ́n ní kí n tu èyí tó lé. Ibẹ̀ ni ojú ti kọ́kọ́ tì mí. Ihò kìíní, mẹ́fà. Ihò kejì, mẹ́fà. Níbi tí mo bá ti rí márùn-ún, bí mo bá fi ìka tú ilẹ̀, màá bá ẹ̀kẹfà níbẹ̀ tó ti jẹrà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ poro dé òpin rẹ̀, ọmọ náà kò ṣì í kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní kíláàsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tu ú, mo dà á sígbó, mo sì pa ẹnu mi dé.

Nígbà tó tó ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọwọ́ rẹ̀ gba orí kọjá, ó kan etí kejì. Bàbá wa ní, "Èyí tí orí rẹ̀ ò gba ẹ̀ta, kí ló fẹ́ lọ ṣe ní síkúù?" Mo wà níbẹ̀. Mo gbé ọkọ́ mi, mo gba oko lọ, ojo ni mí. Wọ́n rán an lọ sí Lánlátẹ̀, sọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa obìnrin, ó ń bá a bó ẹ̀gẹ́.

Èmi di tíṣà. Àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n fún mi, àlọ́ àti orin ni mo sì fi ń kọ́ wọn ní òǹkà. Lọ́jọ́ tí ìsípẹ́kítọ̀ yìn mí níwájú àwọn tíṣà yòókù, ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Àbúrò mi a máa wá láti Lánlátẹ̀ kí n bá òun ka lẹ́tà tí ọkọ rẹ̀ ń kọ láti Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, mo ká lẹ́tà tí mò ń kà fún un sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo jẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀," ó ní. "N ò gbàgbé orin yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé lẹ́tà wá ni mo máa ń rò pé òní lẹ ó sọ ọ́."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi bi mí.

"N ò fẹ́ kí ojú tì yín."

Ó mú lẹ́tà náà, ó tún nà án sí mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun kà á tán.