Ọ̀fọ̀ Jákì

Ojú ti Màmá Màríà, aránṣọ Pópó Àgùdà, láti sunkún nígbà tí Jákì ajá rẹ̀ kú. Ta ní ń kí ènìyàn kú ọ̀fọ̀ ajá? Ó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rán aṣọ lọ.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, Alhaja Khairiyyah, aládùúgbò rẹ̀, ń lọ kírun. Bó ṣe dé ibi tí Jákì máa ń sùn, ó ká búbù rẹ̀ sókè bó ti máa ń ṣe, kí itọ́ ajá má bàa ba àlùwàlá rẹ̀ jẹ́.

"Alhaja, kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ni kò tíì mọ̀. Ẹ kú ọ̀fọ̀ o."

Màmá Màríà bú sẹ́kún, ara sì tù ú. Alhaja fi etí búbù náà nu omijé rẹ̀.