Ẹ Má Mí, Kó Má Mì

"Ẹ má mí, kó má mì." Ohun tí obìnrin tíṣà tó ń gbé òkè ilé wa máa ń sọ nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ẹ̀, kódà kó jẹ́ ìyàwó mi tó wá tọrọ iyọ̀. Òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ògiri Festac nígbà náà. Ó so kámẹ́rà àyálò mọ́ ẹsẹ̀ àga tó gbé ka orí tábìlì ìjẹun, ó dojú ẹ̀ kọlẹ̀, ó ń ya àwòrán sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń yà wọ́n ní fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè di sinimá. Béèyàn bá mí sí i, bébà á mì, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Eré ọmọdé ni mo pè é. Èmi tíjọba fún ní kámẹ́rà, tí mo lo oṣù kan ní Kuje, abúlé etí omi ní Amúwo, láti ya sinimá àwọn tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, àwọn ọmọ mi ò béèrè iṣẹ́ mi rí. Òkè ni wọ́n ń sá lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún sinimá ní gbọ̀ngàn kan ní Amúwo, tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn. Àwọn èèyàn ń wúkọ́, wọ́n ń wọ́ àga. Tiẹ̀ ló tẹ̀ lé e: ìyá arúgbó kan tó fi pẹ́ńsùlù yà, tó fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Òwú kan abẹ́rẹ́, ó yẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.

Mo ní kí n wúkọ́, kí n dà á rú mọ́ wọn lójú. Mo lanu, ikọ́ ò jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé èmi náà ò mí.