Ẹ Gbẹ́ Sàréè Ọlánípẹ̀kun

Ọlánípẹ̀kun kú nílùú wa nítòsí Kábbà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ́ kan ò sì jáde. Ẹgbẹ́ tó yẹ kó gbẹ́ ilẹ̀ jókòó ti ọtí ọkà bàbà, wọ́n ní àwọn kì í gbẹ́ ilẹ̀ fún ẹni tó ta ọmọ ìlú. Òkú arúgbó wà lórí ẹní, Agatha, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń fi ewé lé eṣinṣin.

Kí ló ṣe? Láyé ìgbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídà ń gba ọmọ lọ́wọ́ wa bí ẹni ń gba ìṣákọ́lẹ̀, Ọlánípẹ̀kun ni agbẹnusọ ìlú. Òun ni í dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí í pe orúkọ ọmọ tó kàn. Ohùn rẹ̀ ló pe Rónkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. A ò rí Rónkẹ́ mọ́ láéláé. Ìyá bàbá mi kú láì dárí ji ọkùnrin yìí, n ò sì bá a wí.

N ò ní fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ di funfun. Ó gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ baálé kan, ó fo ilé ìyẹn, ó lọ mú ọmọ opó dípò. Ó wọ agbádá tí wọ́n fún un ní Bídà títí ó fi gbó mọ́ ọn lára. Ìwà ìkà ni.

Ṣùgbọ́n níbo ló ti kọ́ èdè Núpé? Àbí ẹ ti gbàgbé? Ọmọ aláìníbaba ni, òun gan-an la kọ́kọ́ fà lé àwọn ẹlẹ́ṣin yẹn lọ́wọ́! Nígbà tó ríbi sá padà, ìyá rẹ̀ ti kú. Inú ìlú dùn, nítorí a ti rí ẹni tó gbọ́ èdè. Àwọn àgbà á ti ilẹ̀kùn ìpàdé, wọ́n á yan ọmọ, wọn ò ní yan tiwọn, wọ́n á wá rán Ọlánípẹ̀kun. Àwa tó wà níta gbọ́ ohùn, a sì gbà pé ẹni tó pè ló yàn. Àṣìṣe yẹn tẹ́ àwọn tó tilẹ̀kùn lọ́rùn.

Mo rántí rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, níwájú ilé rẹ̀, tó ń kí gbogbo ẹni tó ń toko bọ̀: "Okun o! Okun o!" Kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Agatha ni í dá a lóhùn láti inú ilé, "Okun, bàbá," kí ìkíni má bàa ṣòfò. Ó ń dùn mí títí di báyìí.

Agatha lọ kúnlẹ̀ bẹ Olóyè Ọmọ́níyì pé kó jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ fún bàbá òun. Olóyè yìí ni bàbá tirẹ̀ jẹ́ olórí ìpàdé àwọn tó ń tilẹ̀kùn nígbà náà, tí a fi ìbọn àti màlúù sin.

Olóyè ní, "Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bàbá ẹ ò fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Agatha ní, "Òótọ́ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Ta ló rán an?"

Olóyè ní kí wọ́n bá òun mú omi wá.

Àwọn Ìgbìrà tó ń ṣe lébìrà lóko ló gbẹ́ ilẹ̀ náà nígbẹ̀yìn, létí igbó, níbi tí a ń ju òkú ajá sí. Àjèjì ló sin ín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ ìlú!

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Ẹ gbẹ́ sàréè fún un nínú agboolé rẹ̀, kí ẹ gbé e wálé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin ọmọ àwọn tó tilẹ̀kùn lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Agatha, kí ẹ fi ohùn rara pe orúkọ àwọn tó rán bàbá rẹ̀, bí wọ́n ṣe mú un pe Rónkẹ́ wa. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní lọ. Agatha ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó ń retí ohùn yín.