Igi Ìṣáná Lẹ́nu Ààrò

"Bísímílà" ni ọkọ àǹtí mi, tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ìwó, máa ń wí kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ inú ààrò oníná wọn. Ó yẹ kí fáànù inú rẹ̀ dúró tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ṣùgbọ́n wọ́n fi igi ìṣáná há swíìṣì ẹnu ilẹ̀kùn kó lè máa yí, torí wọ́n ń wá ohun tó ń ké nínú rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ ká pa iná ná."

"Ìwé ti pọ̀ lórí ẹ jù. Tó bá dúró, báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń ké?"

N kò bá àdúrà jà. Mo kàn rò pé èèyàn lè pa iná kó sì tún gbàdúrà.

Láàárọ̀ Sátidé, fáànù gbá apá jàlàbíà wọn mú. Mo sáré fa wáyà yọ lára ògiri. Wọ́n wo aṣọ tó ya, wọ́n wò mí.

"Ta ló ní kó o pa á? Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i!"